Kòkòrò Tí Ó Wọ Ẹ̀wù Ẹlẹ́wù: Bí A Ti Ń Tọpa Ìdílé Àrùn Yírùnyírùn

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń gbẹ̀mí tọmọdé tàgbà ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, gómìnà Ìpínlẹ̀ Zamfara ti ìgbà náà sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn, àgbèrè pàápàá, ni ó fa ìyọnu náà. Ó ní irú A ni a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ènìyàn kọ̀ láti yípadà, Ọlọ́run rán irú C sí wọn. Ọba Kano nígbà náà, Muhammadu Sanusi Kejì, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kí ó tó dá a lóhùn ní gbangba pé kò bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam mu.

A kò fẹ́ ṣe onídàájọ́ láàárín àwọn ẹni ńlá méjèèjì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14 ni àrùn náà mú jù lọ, a kò sì mọ àgbèrè tí ọmọ ọdún 5 lè ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ gómìnà náà tí ó tó ìbéèrè í bi. Níbo ni irú C yìí ti wá? Kí ni ó dé tí àrùn tí a rò pé a ti lé lọ fi gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé? Ìdáhùn ti jáde, inú kòkòrò àrùn náà gan-an ni a sì ti rí i, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé ìdílé tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan gbé sínú ara rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rán àwọn òbí létí ohun tí àrùn yìí jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn yíká. Bí kòkòrò àrùn bá dé ibẹ̀, awọ náà a wú, ibà líle a sì gbé aláìsàn ṣánlẹ̀; orí a máa fọ́ ọ, a máa bì, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ a sì gan tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè tẹ àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Láti inú ìyà ọrùn yìí ni àrùn náà ti gba orúkọ rẹ̀ ní èdè wa. Ní ti ọmọ ọwọ́, ọrùn lè má gan. Àwújẹ̀ rẹ̀ ni yóò wú sókè, yóò kọ ọmú, gìrì sì lè mú un. Kí ìyá tí ó bá rí èyí má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ó tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n àrùn náà yára. Nínú ènìyàn 6 tí irú àrùn ọpọlọ tí bakitéríà ń fà bá mú, ẹnì 1 ni yóò kú. Nínú ènìyàn 5, ẹnì 1 ni yóò gba àbùkù ńlá, bí etí dídi, tàbí wárápá, tàbí ọpọlọ tí kò jí pépé mọ́.

Bakitéríà tí ń fà á lè jẹ́ ọ̀kan nínú púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ń dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Neisseria meningitidis. Ohun ìyanu ni pé kòkòrò yìí kì í ṣe àlejò láàárín ènìyàn. Nínú ènìyàn 10, ó lè wà ní ọ̀nà ọ̀fun ẹnì 1, kí ó máa gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn, kí onítọ̀hún má sì mọ̀ rárá. Láti Senegal títí dé Ethiopia ni ilẹ̀ kan nà já bí ọ̀já níbi tí ó ti ń jà jù lọ. Nígbà ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí eruku ń fẹ́ tí ọ̀nà ọ̀fun sì gbẹ, ni ó ń rí ààyè kọjá láti ọ̀fun sínú ẹ̀jẹ̀. Àríwá Nàìjíríà wà nínú ọ̀já ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó dàgbà tó láti rántí ọdún 1996 kò ní gbàgbé: ènìyàn 109,580 ni a kà pé ó mú ní Nàìjíríà nìkan, 11,717 ni ó sì kú.

Irú A ni ó ṣe iṣẹ́ ibi ti ọdún 1996. Nísinsìnyí a ó ṣàlàyé ohun tí lẹ́tà náà túmọ̀ sí, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kòkòrò tí ó lè pa ènìyàn a máa wọ ẹ̀wù kan tí a fi oríṣìí ṣúgà ṣe. Ẹ̀wù yìí ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ má baà rí i mú. Oríṣi ẹ̀wù 12 ni a mọ̀, a sì fi lẹ́tà sọ wọ́n lórúkọ. A, B, C, W, X àti Y ni ó sábà máa ń pa ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ẹ̀wù ni wọ́n ń kọ́ ara láti dá mọ̀. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ ti A, ara rẹ̀ yóò mú elẹ́wù A. Bí elẹ́wù C bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní bi í léèrè.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí a mú abẹ́rẹ́ MenAfriVac jáde ní Burkina Faso ní oṣù kejìlá ọdún 2010, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ará àríwá wa láti ọdún 2011, àrùn irú A ré bọ́ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iye owó ọ̀kan nígbà náà kò tó ààbọ̀ dọ́là Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2017 a kò tún rí ẹnì kan nínú ọ̀já ilẹ̀ náà tí àyẹ̀wò fi hàn pé irú A mú. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wò ó nítorí ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí ó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ní ìjọba ìbílẹ̀ Aliero ní Ìpínlẹ̀ Kebbi. Yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, irú C ni. Ní ọdún 2014 ó dé Sokoto. Ní 2015 ó rékọjá ààlà wọ orílẹ̀-èdè Niger, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 8,500, ó sì pa 573. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 2017, a ti ka ènìyàn 14,518 ní Nàìjíríà tí a fura pé ó mú, 1,166 nínú wọn sì ti kú, Zamfara ni ó sì jìyà jù.

Ó ti tó ogójì ọdún láti ìgbà tí irú C ti jà gidigidi ní ilẹ̀ yìí, ní Zaria ní ọdún 1975. Ǹjẹ́ èyí ti Zaria ni ó jí lójú oorun? Àbí àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n gbé irú C ti òkè òkun wá? Ẹ̀wù nìkan kò lè dáhùn, nítorí pé ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹni tí ó wọ agbádá lónìí lè bọ́ ọ kí ó wọ dàńṣíkí lọ́la, ṣùgbọ́n bí a bá kì í ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, a ó mọ̀ bóyá ọmọ Olú-Òjé ni tàbí ọmọ Ọ̀pómúléró, agbádá kò sì lè yí èyí padà. Ohun tí a nílò fún kòkòrò náà ni oríkì orílẹ̀.

Ní ọdún 1998 ni Martin Maiden ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ọ̀nà oríkì yìí jáde, kòkòrò yírùnyírùn gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Wọ́n yan orí ìwé 7 nínú ìwé àbùdá rẹ̀, àwọn èyí tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ tí kì í yára yí padà. Bí a bá ka àwọn 7 yìí, a ó fún ìdílé náà ní nọ́ńbà kan. Ẹni tí ó kà á ní Abuja àti ẹni tí ó kà á ní Oslo yóò sì bá nọ́ńbà kan náà pàdé. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ dára sí i, ó sì ti ṣeé ṣe láti ka ìwé náà láti páálí dé páálí, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 2. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ gbogbo rẹ̀. Bí kòkòrò ti ń bí ọmọ ni lẹ́tà kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, ń ṣèèṣì yí padà. Àwọn kòkòrò méjì tí àṣìṣe wọn jọra gidigidi jẹ́ ọmọ ìyá. Àwọn tí àṣìṣe wọn jìnnà síra, ó ti pẹ́ tí ìyá ńlá wọn ti yà.

Nígbà tí a ka ti Kebbi àti Sokoto, nọ́ńbà tí ó jáde kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni rí. Ìdílé titun ni. A fún un ní 10217. Kì í ṣe ti Zaria, kì í sì í ṣe ti òkè òkun.

Kí òǹkàwé lè gbádùn ohun tí a fẹ́ sọ báyìí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa padà sí London ní ọdún 1928. Ọkùnrin kan tí í jẹ́ Frederick Griffith, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba nípa ètò ìlera, ń ṣàyẹ̀wò kòkòrò kan tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tí òun náà sì máa ń fa àrùn awọ ọpọlọ. Ó ní oríṣi méjì lọ́wọ́. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù, ó sì ń pa eku. Èkejì wà ní ìhòòhò, kò sì lè pa ohun kan. Ó fi iná pa elẹ́wù, ó gún òkú rẹ̀ sára eku, eku yè. Ó gún oníhòòhò tí ó wà láàyè sára eku, eku yè. Lẹ́yìn náà ó pa méjèèjì pọ̀, òkú elẹ́wù àti ààyè oníhòòhò, ó gún un sára eku, eku sì kú. Nígbà tí ó wo inú ẹ̀jẹ̀ òkú eku náà, ó bá kòkòrò tí ó wà láàyè tí ó sì wọ ẹ̀wù! Oníhòòhò ti bọ́ aṣọ lára òkú wọ̀, àwọn ọmọ tí ó sì bí pẹ̀lú wọ ẹ̀wù wá sáyé. Griffith kú nínú bọ́ǹbù tí ó bọ́ lu ilé rẹ̀ ní London ní ọdún 1941, kò sì mọ ohun tí oníhòòhò náà gbà lọ́wọ́ òkú. Ní ọdún 1944 ni Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty fi hàn ní New York pé DNA ni, èyí tí í ṣe ìwé àbùdá tí a ti ń sọ láti òkè wá. Kì í ṣe ẹ̀wù ni ó jí, bí kò ṣe ìwé tí a fi ń rán ẹ̀wù.

Ohun tí Griffith rí nínú eku, òun náà ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìgbèríko wa. Ní ọdún 2018 Ola Brynildsrud, Dominique Caugant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, láti ilé ìwádìí ìlera ìjọba Norway ní Oslo, tẹ àbájáde wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ka odindi ìwé àbùdá àwọn kòkòrò náà, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí a ti ń fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n rí i pé òbí ìdílé 10217 jẹ́ kòkòrò oníhòòhò, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Kò pẹ́ púpọ̀ ṣáájú àjàkálẹ̀ Aliero, ó gba ìwé ìránṣọ ẹ̀wù C lọ́dọ̀ kòkòrò mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé ọ̀fun. Ó tún gba ẹrù kan tí fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ bakitéríà máa ń gbé kiri, èyí tí a ti mọ̀ mọ́ àwọn kòkòrò tí ń pa ènìyàn. Aládùúgbò jẹ́jẹ́ wọ aṣọ ológun, ó sì di apànìyàn.

Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bèèrè. Nílé ni a ti bí irú C náà, lọ́fun àwọn ènìyàn bíi tiwa tí wọn kò ṣàìsàn, tí wọn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017 kan náà, ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí ohun tí ìmọ̀ yìí lè ṣe. Ní Greenville, ní agbègbè Sinoe ní Liberia, a sìnkú aṣáájú ẹ̀sìn kan ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí ó bá wọn sìnkú ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Ènìyàn 31 ni ó mú, 13 kú. Liberia ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ebola ni, ẹ̀rù sì ba gbogbo ayé pé ó ti padà. Àyẹ̀wò yára fi hàn pé kì í ṣe Ebola. Ó ha jẹ́ májèlé nínú oúnjẹ tàbí omi bí? A wádìí èyí pẹ̀lú. A bẹ òǹkàwé kí ó rò ó wò bí ó bá jẹ́ ní ìlú tiwa ni ènìyàn 13 kú lẹ́yìn ìnáwó òkú kan: ta ni yóò gba àwọn tí ó se oúnjẹ sílẹ̀, tàbí ìyàwó òkú, tàbí àbúrò tí ó ní ìjà ogún? Nígbà tí oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀, ilé àyẹ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà ní Atlanta bá àbùdá yírùnyírùn nínú ohun tí a rán sí wọn. Irú C ni, nọ́ńbà ìdílé rẹ̀ sì ni 10217, ìbátan tímọ́tímọ́ ti Nàìjíríà àti Niger. Liberia kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀já ilẹ̀ yírùnyírùn, kò sì sí dókítà ibẹ̀ tí à bá bá wí pé kò kọ́kọ́ rò ó.

Kí a má ṣe fi ohun tí ìwé àbùdá kò sọ kún èyí tí ó sọ. Ó fi ìbátan hàn, kò dárúkọ ẹni tí ó gbé e rìn. Kò sí ẹni tí ó lè fi í mú ará Nàìjíríà kan kí ó wí pé ìwọ ni o gbé e dé Greenville.

Ní ti ìwòsàn, a kò nílò láti ka odindi ìwé kí a tó tọ́jú aláìsàn. Dókítà a ti gún un ní abẹ́rẹ́ kí èsì tó dé. Ìlú ni èsì náà ṣe pàtàkì fún. Ní 2015 àti 2017 abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó kan irú C kò pọ̀ ní gbogbo ayé, bí-ń-tín-ín ni a ń pín in. Bí a bá fi ti A ránṣẹ́ sí ibi tí C ti ń jà, owó ṣòfò, ọjọ́ ṣòfò, àwọn ọmọ tí a sì gún yóò ṣì kú. Ìdí nìyí tí mímọ ẹ̀wù fi gbọ́dọ̀ yá, kí mímọ ìdílé sì tẹ̀lé e láti fi hàn bóyá iná kan náà ni ó ń ràn láti abúlé dé abúlé tàbí iná púpọ̀ ni. Àǹfààní ńlá tí kíka àbùdá tún ní ni pé kò di dandan kí kòkòrò wà láàyè. Oòrùn àríwá àti ìrìn àjò jíjìn sábà máa ń pa á sínú ìgò, tàbí kí oògùn tí a ti fún aláìsàn ti pa á. Ilé àyẹ̀wò àtijọ́ kò lè mú òkú kòkòrò hù, ṣùgbọ́n òkú kòkòrò ṣeé kà.

Ìmọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa mọ́ bí ó ti jìnnà nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ sí Oslo. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Redeemer's University, ni ilé ìwádìí ACEGID tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni a ti ka ìwé àbùdá kòkòrò Kòrónà àkọ́kọ́ tí a kà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Inú wa dùn láti kọ èyí sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo tí kò mọ̀ ọ́n.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 sí àárín oṣù kẹta ọdún 2024, yírùnyírùn tún bẹ́ ní ìpínlẹ̀ 7 ní àríwá. A fura sí ènìyàn 1,742, ènìyàn 153 sì kú. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí Nàìjíríà ni ó ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo orílẹ̀-èdè ayé láti lo abẹ́rẹ́ titun Men5CV, tí ó mọ ẹ̀wù 5 lẹ́ẹ̀kan náà, A, C, W, X àti Y. B kò sí nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí omi díẹ̀ tí a ń fà láti ẹ̀yìn aláìsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í fẹ́ gbà nìyí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń sọ ọmọ di arọ. Òtítọ́ ni pé a ti rí ọmọ tí a fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó sì rọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àrùn náà ni ó máa ń rọ wọ́n, ó sì ń rọ àwọn tí a kò fà tiwọn pẹ̀lú. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kì í gùn dé ìsàlẹ̀ ìbàdí; ó ti parí lókè ibi tí dókítà ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀, omi àti àwọn iṣan tí ń léfòó nínú rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Omi tí a ń fà kò kún ṣíbí tíì kan. Bí ó bá mọ́ gaara bí omi òjò, ọkàn dókítà a balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá funfun bí omi ògì, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ le, oògùn a sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ìyókù inú ìgò náà ń mú ọ̀nà ilé àyẹ̀wò pọ̀n.